Ìrẹsì ST25 láti oko edé: ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata, ẹ má fi se jọ́lọ́ọ̀fù

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ta ìrẹsì ní ọjà Bódìjà kì í ra ìrẹsì láìkọ́kọ́ sọ hóró mẹ́ta sẹ́nu. Bí mo ṣe ń ṣe é n'Ìbàdàn náà ni mo ṣe ń ṣe é ní Cần Thơ níbí, lápá gúúsù Vietnam, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ládùúgbò wa, “cô” ni mò ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin. Bíi tiwa ni, wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi tí mò ń rún ìrẹsì tútù lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ní báyìí òun fúnra rẹ̀ ló ń bu hóró sí mi lọ́wọ́.

Òun ló ní kí n gbé àpò kílò 5 yìí: ST25, orúkọ irú ìrẹsì kan, pẹ̀lú “lúa tôm” lára àpò, èyí tó túmọ̀ sí ìrẹsì àti edé. 190,000 đồng, owó Vietnam, ni mo san. Èyí tó wà nínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju ìdajì owó yẹn lọ, mo sì rojọ́ dáadáa kí n tó sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìkòkò. Hóró rẹ̀ gùn, ó funfun, kò sí òkúta kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Bó ṣe ń hó ni òórùn dídùn gba gbogbo ilé, bí ewé kan tí wọ́n ń pè ní lá dứa tí wọ́n máa ń fi sínú oúnjẹ níbí. Àmọ́ èmi, mo bọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ nù, mo ṣàn án bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Òórùn náà bá omi lọ, ohun tó kù nínú ìkòkò di túwó. Ìrẹsì alápò tí a mọ̀ nílé, wọ́n ti bọ̀ ọ́ nínú èèpo kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí hóró rẹ̀ fi ń dá dúró. Wọn kì í bọ èyí nínú èèpo. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀. Pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín, mo jẹ ẹ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka jẹ. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ti tutù, ó ṣì rọ̀.

Kí ló wá mú kó wọ́n? Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ọ̀kadà gbé mi lọ sóko àbúrò bàbá rẹ̀ ní Mỹ Xuyên, ní Sóc Trăng tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ Cần Thơ ní oṣù keje ọdún 2025. Oko náà kò tó hẹ́kítà méjì. Yàrà jíjìn yí i ká, géètì kékeré kan sì wà níbi tí omi ń gbà wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí agbára odò Mekong bá ti dínkù, omi òkun á máa wọ́ bọ̀ wá sórí ilẹ̀. Bàbá yìí kò bá a jà. Ó ń ṣí géètì fún un ni, á sì da ọmọ edé sínú rẹ̀. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tó bá ti fọ iyọ̀ kúrò lórí ilẹ̀, á gbin ìrẹsì, á sì kórè rẹ̀ lápá ìparí ọdún. Ìgbẹ́ edé ni ajílẹ̀ ìrẹsì, ìdí ìrẹsì tó ń jẹrà á sì di oúnjẹ fún edé tó ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ fín oògùn kòkòrò, torí èyí tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀ yóò pa edé. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára àpò pé ìrẹsì yìí mọ́, kì í ṣe ìwà mímọ́ ló fà á o, edé ni.

Lọ́dún 2016 àti 2020, omi iyọ̀ wọlé jìnnà gan-an. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìpínlẹ̀ márùn-ún ní agbègbè náà kéde ọ̀ràn pàjáwìrì. Àwọn tó gbójú lé ìrẹsì nìkan sunkún. Oko bàbá yìí náà ní wàhálà tirẹ̀: tí òjò bá pẹ́ kó tó dé, iyọ̀ kò ní kúrò, ìrẹsì á sì jó mọ́lẹ̀, àrùn sì máa ń pa edé. Ó ní ohun tí òun ń tọrọ ni kí méjèèjì má kú lọ́dún kan náà.

Ti ọjà ló ká a lára jù. Àwọn alágbàtà máa ń fún àgbẹ̀ ní àsansílẹ̀ kí ìrẹsì tó gbó. Tí owó ìrẹsì bá já wálẹ̀, alágbàtà á fi àsansílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní yọjú mọ́. Nígbà tí Íńdíà fòfin de títa ìrẹsì funfun sókè òkun ní oṣù keje ọdún 2023, tí owó wá fò sókè, àwọn àgbẹ̀ kan pẹ̀lú yẹ àdéhùn. Bàbá yìí ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù báyìí, tí wọ́n ń fẹnu kò sí iye kí wọ́n tó gbìn. Mo bi í bóyá kò dùn ún nígbà tí owó ọjà ju tirẹ̀ lọ. Ó ní ó dun òun, ó wá bu tíì sí i fún mi.

ST25 yìí, Hồ Quang Cua àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sóc Trăng ló ṣe é. Ó gba ipò kìíní nínú ìdíje ìrẹsì tó dára jù lágbàáyé ní Manila lọ́dún 2019, ó tún gbà á lọ́dún 2023. Òkìkí yìí ló sọ ayédèrú rẹ̀ di púpọ̀. Mo ti ra ọ̀kan rí ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ: wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ ST25 gàdàgbà sí i lára, kò rùn rárá, ó sì le bí èkùrọ́ lọ́jọ́ kejì.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún àpò ti cô. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé kò ṣeé fi se jọ́lọ́ọ̀fù. Mo yọ ìkejì nítorí àpò náà kò ṣeé dé padà, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo ti da ata gbígbẹ sí i bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe sí ẹ̀wà.