Máàpù Ilẹ̀ fún Pápá Ìjẹko Màlúù: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Náwó Sí?

Ẹni tó ń ta máàpù ilẹ̀ á kọ́kọ́ na àwòrán mèremère síwájú yín: pupa lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì, nọ́ńbà wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ́ ẹ tó yìn ín, ẹ bi í pé: ihò mélòó lẹ gbẹ́ kẹ́ ẹ tó kun àwọ̀ yìí?

Mò ń kọ èyí fún ẹni tó ń gbé Agége, Súrùlérè tàbí Ìdúmọ̀tà, àmọ́ tó ra ilẹ̀ sí Ìmẹ̀kọ, Ìsẹ́yìn tàbí Ẹ̀pẹ́ torí màlúù. Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ti ṣòfin tako dída ẹran kiri (ti Èkó jáde lọ́dún 2021), inú ọgbà la ó ti máa sìn wọ́n báyìí, lórí èèsún, koríko Guinea àti ewéko stylo. Ohun tá a ń wá lára máàpù ò pọ̀: ibi tó yẹ ká da láìmù (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun) sí kí kíkan ilẹ̀ lè dín kù, ibi tí ajílẹ̀ máa lọ, àti ibi tí kò yẹ ká ná kọ́bọ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀fẹ́ ṣáájú. SoilGrids àti iSDAsoil wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù yín lè ṣí wọn. Àmọ́ ẹ wo bí àmì wọn, ìyẹn ẹyọ àwọ̀ kan lórí máàpù, ṣe tóbi tó. Ẹyọ àmì SoilGrids kan jẹ́ mítà 250 lóòró, 250 níbùú. Tẹ́ ẹ bá fi pílọ́ọ̀tì Èkó tí wọ́n sábà ń pè ní 648 sqm wọ̀n ọ́n, pílọ́ọ̀tì tó lé ní 90 ló wà nínú ẹyọ kan yẹn. Gbogbo ilẹ̀ yín lè má ju àwọ̀ kan ṣoṣo lọ! Ti iSDAsoil, tí wọ́n dìídì ṣe fún Áfíríkà, sàn jù: mítà 30 ni, kò tó pílọ́ọ̀tì kan ààbọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ṣírò méjèèjì látinú ihò tí wọ́n gbẹ́ káàkiri. Ó ṣeé ṣe kẹ́nikẹ́ni má fọkọ́ kan ilẹ̀ tiyín rí. Kẹ́ ẹ tó ra ilẹ̀ ni wọ́n wúlò, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ yanrìn ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àmì rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ó sì ń padà sórí ilẹ̀ kan náà ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún síra. Ewéko ló ń wò, kì í ṣe ilẹ̀. Lásìkò òjò, ìkùukùu lẹ ó máa rí. Àwòrán oṣù kìíní àti ìkejì ni kẹ́ ẹ wá: níbi tí koríko bá ṣì tutù nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ ìyókù, ẹ ṣàyẹ̀wò ibẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn oní-dúróònù ń ta ohun kan náà lówó gọbọi, ó kàn hàn kedere jù ni. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú) àti ONSA (ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò orílẹ̀-èdè) kí wọ́n tó gbé e sókè. Ẹ ní kí wọ́n fìwé hàn yín, torí ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni àwọn agbófinró máa kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kiri pápá, irú Veris àti EM38, ló wọ́n jù. Ó ń wọ̀n bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú ilẹ̀: amọ̀, omi àti iyọ̀ ń jẹ́ kó rìn, yanrìn gbígbẹ kì í jẹ́. Ó mọ ààlà yanrìn àti amọ̀ ju ojú lọ, àmọ́ kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó. Lẹ́bàá ọ̀sà, iyọ̀ lè tàn án jẹ, kó pe yanrìn lámọ̀. Tí ilẹ̀ yín ò bá tó hẹ́kítà 100, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń tà lórí ayélujára pé ó ń ka NPK lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Iná inú ilẹ̀ lòun náà ń wọ̀n, tó wá ń fi méfò nitrogen, phosphorus àti potassium. Ẹ bomi síbi kan náà, kẹ́ ẹ tún un kì bọlẹ̀: nọ́ńbà á yí padà.

Ilé àyẹ̀wò ni kówó lọ. IITA àti IAR&T tó jẹ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà n'Ìbàdàn, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà l'Abẹ́òkúta, mọ́tò sì ń gbéra ní Ọjọ́ta àti Berger lójoojúmọ́. Ẹ pín ilẹ̀ bójú ṣe rí i: òkè, àbàtà, oko àtijọ́. Ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ gbẹ́ ihò 15 sí 20 ní wọ́gọwọ̀gọ, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kẹ́ ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ike. Ẹ má lo garawa páànù, torí zinc ara rẹ̀ á wọnú àbájáde. Ẹ sá a síbòji, ẹ bu bíi ìdajì kílò sí ọ̀rá tó mọ́, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ rẹ̀. Yíǹkì báírò máa ń ṣàn.

Ibi tó ń da àwọn onímàlúù láàmú nìyí. Koríko tí ẹran jẹ ní ìpẹ̀kun pápá, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ṣu ú. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ń jọ síbi omi, sábẹ́ òjìji àti lẹ́nu géètì, potassium pàápàá. Ihò ẹyọ kan tẹ́ ẹ bá gbẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ẹ pò mọ́ ìyókù, á ní ilẹ̀ yín dára, nígbà tí ìpẹ̀kun pápá ti ń kú lọ. Ẹ bu tibẹ̀ lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ bá a, ajílẹ̀ tẹ́ ẹ bá rà, ìpẹ̀kun ni kó lọ. Abẹ́ igi ò nílò rẹ̀.

Fún éékà mẹ́wàá, máàpù ọ̀fẹ́ àti ọ̀rá ilẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Fún àádọ́ta, ẹ fi Sentinel-2 pín in, kẹ́ ẹ bu bíi mẹ́jọ. Ilẹ̀ ńlá nìkan ni kó háyà ẹ̀rọ, ilé àyẹ̀wò ló sì máa sọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ̀rọ rí.

Ẹ gba nọ́ńbà àti GPS ihò kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì Excel, kì í ṣe PDF nìkan. QGIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, á yà á ní máàpù. Ẹ béèrè ọ̀nà tí wọ́n fi wọn phosphorus. Bray-1 ló bá ilẹ̀ tó kan mu, Olsen sì wà fún èyí tí kò kan. Nọ́ńbà wọn kì í dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ilé àyẹ̀wò kan náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, nínú oṣù kan náà.