Scribus 1.6: ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ títo ìwé

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ títo ìwé lórí kọ̀ǹpútà lóde òní kò ní ṣàìrí ohun tí yóò fi kọ́ ọ, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó kù sí. InDesign tí ilé-iṣẹ́ Adobe ṣe ni ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wéjáde ńláńlá ń lò káàkiri ayé, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, owó náà sì ń bá dọ́là gòkè. CorelDRAW ló gbajúmọ̀ jù ní Ṣómólú, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti fara kan ara wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwòrán, báńà àti ìwé ìpè ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Ẹni tó bá fẹ́ fi to ìwé olójú igba yóò ṣe wàhálà tí kò yẹ kó ṣe. Microsoft Publisher tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ sì ti ń palẹ̀ mọ́, nítorí Microsoft ti kéde pé àwọn kò ní ṣe ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Scribus ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe tìtorí pé ọ̀fẹ́ ni nìkan. Ìdí tó lágbára jù ni pé kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fo ohunkóhun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò padà bi í léèrè.

Franz Schmid ló bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní ọdún 2001, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló sì ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ẹ̀dà 1.6 tí mo ń gbé yẹ̀ wò níhìn-ín jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró lórí 1.4 tó jáde ní 2012.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ya ẹni tó ń bọ̀ láti inú Word lẹ́nu ni pé kò lè ṣí ojú ìwé kí ó kàn máa tẹ ọ̀rọ̀ lọ. Ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ kankan àyàfi tó bá ti kọ́kọ́ ya fírémù, ìyẹn àpótí tí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán yóò wà nínú rẹ̀, sórí rẹ̀. Yóò tẹ lẹ́tà T, yóò fi máòsì ya ibi tí ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wà, lẹ́yìn náà ni yóò tó da ọ̀rọ̀ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ àwòrán ni, lẹ́tà I ni yóò tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju fírémù lọ, àmì pupa kékeré kan yóò yọ ní igun ìsàlẹ̀ láti sọ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tẹ N láti so fírémù náà mọ́ òmíràn kí ìyókù lè ṣàn lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń sá níbí. Wọ́n á ní kí ni gbogbo ìyọnu yìí fún, nígbà tí Word kì í béèrè irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wọn aṣọ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ ni atòwé ṣe gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ojú ìwé, àlàfo etí rẹ̀ àti iye òpó ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí ó tó gbé lẹ́tà kan kalẹ̀, Scribus sì ń bi í ní gbogbo èyí láti orí àpótí àkọ́kọ́ tó ń ṣí.

Stáìlì ni apá kejì, èmi ò sì ní fi ẹnu kékeré sọ ọ́. Bí ènìyàn bá tẹ F4, yóò rí ibi tí ó ti lè sọ pé báyìí ni àkọlé orí ìwé yóò máa rí, báyìí ni ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, báyìí ni àwọn ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e, báyìí ni ewì tàbí òwe tí a yà sọ́tọ̀ láàárín ọ̀rọ̀. Nínú ìwé tó ní orí méjìlá, bí òǹkọ̀wé bá dé ní ọjọ́ ìkẹyìn tó ní lẹ́tà náà kéré jù fún ojú àgbà, ibì kan ṣoṣo ni atòwé yóò ti yí i padà tí gbogbo ìwé yóò sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó mọ CorelDRAW bí ẹni mọ owó tí wọ́n ṣì ń yí àkọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú ìwé dé ojú ìwé nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní stáìlì rí. Scribus kò fi tipátipá mú ènìyàn lò ó, ṣùgbọ́n yíyí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan le tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi wá stáìlì lọ fúnra rẹ̀. Ojú ìwé ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Master Page ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún nọ́ńbà ojú ìwé àti orúkọ ìwé tó ń wà lókè: èèyàn á gbé wọn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì hàn níbi gbogbo.

Àmì ohùn ni mo fi ń díwọ̀n ètò èyíkéyìí tí wọ́n bá sọ pé ó lè to ìwé Yorùbá, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń já ènìyàn kulẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà èdè gbogbo mọ̀, lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, á àti à náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń kọ lẹ́tà náà pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀, tí yóò wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Ètò tí kò bá mọ ọgbọ́n à ń gbé àmì lé lẹ́tà yóò jẹ́ kí àmì náà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó gun lẹ́tà tó wà nítòsí. Scribus 1.4 kò ní ọgbọ́n yìí. Inú ẹ̀dà ìdánwò 1.5.3 ní ọdún 2017 ni wọ́n ti fi HarfBuzz tó ń ṣe iṣẹ́ náà sí i, 1.6 sì ni ẹ̀dà tó dúró ṣinṣin tó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Pẹ̀lú fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, bíi Charis SIL, Gentium Plus tàbí Noto Serif, tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ bí “ọ̀pọ̀lọpọ̀” àti “ẹ̀kọ́” yóò dúró bó ṣe yẹ, yálà lẹ́tà kékeré ni tàbí lẹ́tà ńlá.

Ohun kan tún wà níbí tí mo fẹ́ràn ju bí mo ṣe lérò lọ. Bí fọ́ǹtì kan kò bá ní lẹ́tà tí a tẹ̀, Word máa ń dọ́gbọ́n yá lẹ́tà náà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, ẹni tó ń tò ó lè má fura títí tí ìwé yóò fi jáde pẹ̀lú ẹ àti ọ tí ìrísí wọn kò jọ ti àwọn ará wọn. Scribus kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò gbé àpótí òfìfo sí ibi tí lẹ́tà kò sí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe nígbà tí a bá fẹ́ ṣe PDF. Èyí ló máa ń fòpin sí ìfẹ́ tí ọ̀dọ́ atòwé ní sí àwọn fọ́ǹtì aláràbarà tí wọn kò ṣe fún èdè wa.

Ní ti àwòrán, ẹ jẹ́ ká mú ìwé ètò ìsìnkú tó ní ìwọ̀n A5, irú èyí tí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ilé ìtẹ̀wé kì í ṣe é. A5 fẹ̀ ní mílímítà 148, ó sì ga ní 210. Bí fọ́tò olóògbé yóò bá gba gbogbo iwájú ìwé, a ní láti jẹ́ kí ó fi mílímítà 3 yọ kọjá etí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní bleed, kí funfun pépà má baà hàn nígbà tí ẹ̀rọ bá gé etí rẹ̀. Kí fọ́tò bẹ́ẹ̀ tó lè mọ́lẹ̀ kedere ní ìwọ̀n 300 dpi (iye píkísẹ́lì, àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán, nínú ínǹṣì kan) tí ìtẹ̀wé ń fẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan bí píkísẹ́lì 1,819 ní fífẹ̀ àti 2,551 ní gíga. Fọ́tò tí ọmọ olóògbé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ìyẹn sì ti fún pọ̀ lójú ọ̀nà, kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Scribus ń sọ iye dpi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ní gan-an bí a ṣe ń fẹ̀ ẹ́ tàbí bí a ṣe ń sún un kì, nípa bẹ́ẹ̀ atòwé lè tètè pe ẹbí náà pé kí wọ́n fi ojúlówó fáìlì ránṣẹ́, dípò kí ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn ní ọjọ́ ìsìnkú.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Dúdú tí Word ń fi ránṣẹ́ sínú PDF jẹ́ dúdú ojú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá yí i padà sí àwọ̀ ìtẹ̀wé, ó lè di àpapọ̀ íǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí pléètì kan, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ íǹkì kọ̀ọ̀kan, bá sì yẹ̀ díẹ̀, lẹ́tà kéékèèké yóò ní òjìji. Nínú Scribus, íǹkì dúdú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń lò bí a kò bá fọwọ́ ara wa yí i. Ẹni tó bá ti rí ìwé àdúrà tí lẹ́tà rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ní ìbejì yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Kí a tó ṣe PDF, Preflight Verifier yóò yẹ gbogbo iṣẹ́ wò: ọ̀rọ̀ tó kún jù fírémù lọ, àwòrán tó sọnù, dpi tó kéré, lẹ́tà tí kò sí. Lẹ́yìn náà a lè yan PDF/X-1a, PDF/X-3 tàbí PDF/X-4, tí gbogbo wọn jẹ́ ìlànà tí a là kalẹ̀ fún ìtẹ̀wé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ wá láti òdì kejì. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ní àṣà pé wọ́n á ṣí PDF oníbàárà nínú CorelDRAW kí wọ́n tó ṣe pléètì, bí fọ́ǹtì náà kò bá sì sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, gbogbo àmì ohùn tí a fi sùúrù tò lè fọ́n ká. Ọ̀nà àbáyọ wà: ní ibi tí a ti ń ṣe PDF, Scribus gbà kí a sọ lẹ́tà di àwòrán kí ẹnikẹ́ni má lè pààrọ̀ fọ́ǹtì rẹ̀. Ó sàn kí a ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì béèrè ìwé kan ṣoṣo fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Àṣẹ Collect for Output pẹ̀lú ṣe pàtàkì, nítorí Scribus kì í gbé àwòrán sínú fáìlì rẹ̀ bí a kò bá sọ fún un. Ọ̀nà ibi tí àwòrán wà nìkan ló ń rántí. Àṣẹ yìí ń kó fáìlì, àwòrán àti fọ́ǹtì jọ sínú fódà kan tí a lè gbé lọ síbi yòówù.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Tábìlì ṣíṣe nínú rẹ̀ nira, mi ò sì ní fi to ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́ bí mo bá rí ọ̀nà mìíràn. Kò lè ṣí fáìlì InDesign tó bá jẹ́ .indd, àfi kí ẹni tó ṣe é fi IDML, irú fáìlì InDesign tí ètò mìíràn lè kà, ránṣẹ́. Kì í to ojú ìwé sí ipò tí wọn yóò wà lórí pléètì, iṣẹ́ yìí kù sọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìwé tí wọn yóò fi stápù gún láàárín gbọ́dọ̀ ní iye ojú ìwé tí a lè fi 4 pín. Bí ìwé bá gùn gan-an, ó máa ń falẹ̀, nítorí náà ó dára kí a pín in sí orí-orí. Àwọn fídíò ìkọ́ni tó pọ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń fi 1.4 hàn, níbi tí ìṣètò ọ̀rọ̀ ti wà nínú àpótí Properties, ṣùgbọ́n nínú 1.6, wọ́n ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ sí àpótí mìíràn tí F3 ń ṣí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí yóò wá a títí.

Ibi tó ti kù jù ni ìwé orí fóònù. Scribus lè ṣe PDF tó ní líǹkì àti fọ́ọ̀mù tí a lè kún, èyí sì tó fún ìwé ìròyìn ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ tí a fẹ́ pín lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n EPUB, irú ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń to ara rẹ̀ bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ tó, kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. LibreOffice Writer, ètò ìkọ̀wé bíi Word tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ń ṣe EPUB láti ẹ̀dà 6.0 tó jáde ní 2018. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a kọ ìwé, kí a sì ṣàtúnṣe rẹ̀ tán pátápátá nínú Writer, kí a ti ibẹ̀ ṣe EPUB, kí a tó wá kó ọ̀rọ̀ kan náà wọ Scribus fún ti pépà. Bí àtúnṣe bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wáyé ní ibi méjèèjì, ẹ̀dà méjì tí kò bára mu ni yóò kẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lóṣù yìí, CorelDRAW ni kí ó kọ́kọ́ kọ́, òun ni ọ̀gá rẹ̀ yóò gbé kalẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó fẹ́ to ìwé ara rẹ̀, olùkọ́ tó fẹ́ ṣe ìwé kíkà fún kíláàsì rẹ̀, àti ọ̀dọ́ tó ní InDesign lọ́kàn fún ọjọ́ iwájú kò ní pàdánù nǹkan kan nínú Scribus, nítorí fírémù, stáìlì àti ojú ìwé ìpìlẹ̀ rí bákan náà nínú àwọn méjèèjì. Ìwé ètò olójú mẹ́jọ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n yan autosave, tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, kí ìṣẹ́jú rẹ̀ kéré, nítorí iná ọba kì í dágbére kó tó lọ, kí wọ́n sì rí i dájú pé 1.6 ni àwọn gbà sílẹ̀ láti scribus.net, torí pé fáìlì tí a bá ṣe nínú rẹ̀ kò ṣeé ṣí nínú 1.4 tí ọ̀rẹ́ wọn lè ṣì máa lò.