Àga Superleggera tí mo rà: ẹlẹ́sẹ̀ pákò tó ń gbé èèyàn ńlá

Nígbà tí màmá mi wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wo àga yìí títí, wọ́n ní "Ṣé pákò lẹ fi kan èyí ni? Mi ò jókòó síbẹ̀ o." Wọ́n bá gba orí sófà lọ. Mi ò bá wọn jiyàn, torí èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Gio Ponti ará Ítálì ló yàwòrán ẹ̀, ilé iṣẹ́ àga Cassina tó wà ní ìlú Meda lápá òkè Milan sì ti ń ṣe é láti 1957. Kílò 1.7 péré ni, ìka kan ni mo fi ń gbé e, mi ò purọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò rí roboto, igun mẹ́ta ló ní, mìlímítà 18 ló fẹ̀ mọ, tó o bá fọwọ́ pa á wàá mọ ojú igun yẹn lábẹ́ ìka. Igi ash ni, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí èèyàn bá fara tì í, kì í kán. Ọ̀rẹ́ mi kan tó sanra gan-an ti jókòó síbẹ̀ jẹun, àga ọ̀hún kàn dún kẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló tán. Kì í sì í ṣe pé Ponti dédé lá a lójú àlá o, àga táwọn káfíńtà ìlú Chiavari létí òkun Liguria ní Ítálì ti ń kàn láti bíi 1807 ló wò, tó wá ń gé e ṣáá títí tí kò fi sí ohun tó tún lè gé kúrò mọ́.

Ibi tó dùn mí ni pé tòkunbọ̀ ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ojú ìjókòó ẹ̀ ṣì le, àmọ́ oṣù kẹta tí mo rà á ni pàǹkẹ́rẹ́ tí wọ́n fi hun ún já níwájú, owó tí mo fi tún un hun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó àga! Ẹ tẹ ibẹ̀ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì fi ṣe àga iṣẹ́ o, lẹ́yìn wákàtí méjì ẹ̀yìn mi ti ń pariwo.

Màmá ò jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi padà sílé. Àmọ́ láràárọ̀ tí wọ́n bá ń gbálẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé e sókè, ìgbálẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ lọ lọ́wọ́ ọ̀tún.