Ẹ Ṣọ́ra fún Euphonium Tòkunbọ̀ Tí Wọ́n Ń Tà l'Ékòó: ₦385,000 Wa Ti Wọgbó

Ẹ̀yin oníbáńdì ẹlẹgbẹ́ mi, owó tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. ₦385,000. Oṣù méje ni àwọn ìyá ọmọ báńdì wa n'Íbàdàn fi dá a jọ, bàbá kan tiẹ̀ mú nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kún un, kí a lè ra euphonium kan ṣoṣo, fèrè idẹ ńlá olóhùn ìsàlẹ̀, kí ìkórè tó dé. Èmi ni wọ́n gbé e fún, torí èmi ni ọ̀gá báńdì, èmi ni mo mọ fèrè. Mo mọ fèrè! Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ ọmọ.

Orí WhatsApp ni mo ti bá ọkùnrin náà pàdé. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: idẹ tó ń dán gbinrin, fáàfù mẹ́ta (bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ láti yí ohùn padà) lórí, ìkẹrin lẹ́gbẹ̀ẹ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ Besson gàdàgbà lára rẹ̀. Ó ní London ló ti wá. "Ọ̀gá mi, Màẹ́sítírò, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dáa." Màẹ́sítírò ni mo gbọ́ tí orí mi wú.

Ẹ má bi mí pé ṣé n kò dán an wò ni. Mo wọkọ̀ lọ sí Èkó fúnra mi! Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín iwájú kan fún mi ni, n kò lè fi ẹnu kan fèrè. Ó ní kò sí wàhálà, ó pe ọmọ kan láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta. Ọmọ náà gbé fèrè lé itan, ó fọn ọ́n: dò, sò, dò, mí, sò. Ó dún kíkankíkan. Ó tún un fọn: dò, sò, dò, mí, sò. Ìka rẹ̀ ń jó lórí fáàfù, kò tẹ ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ètè lásán ló ń fọn dò, sò, dò, mí, sò, kò bèèrè fáàfù kankan. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ ọdún 10 nìyẹn. Ká ní mo ní kó fọn re tó tẹ̀lé dò àkọ́kọ́ fún mi ni, èyí tó ń bèèrè fáàfù, àṣírí ì bá tú lójú ẹsẹ̀. Re lásán! N kò bèèrè re.

Mo ní kí n fa sìláìdì kan wò, ìyẹn ọ̀pá tó ṣeé fà jáde lára fèrè, ọkùnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó ní gírísì tuntun ló wà níbẹ̀, kí n má bà á jẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Mo tiráńsífà owó. Ó kọ rìsíìtì: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Mo délé, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi pọ́n. Mo pè é ní ìdọ̀tí. Ọ̀dà ni! Irú èyí tí wọ́n fi ń kun géètì. Mo fi èékánná ha Besson, ó ṣí bíi bébà. Lábẹ́ ọ̀dà, fílà tí àwọn páńẹ́ẹ̀bítà fi ń dí ara mọ́tò ló kún ibẹ̀. Fáàfù kẹta, bí a bá tẹ̀ ẹ́, kì í gbéra mọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹrin ló pa mí. Mo yọ ọ́, inú rẹ̀ kò ní ihò kankan. Irin gbọọrọ kan ni, wọ́n fi sípíríìngì sí i nídìí kó lè máa lọ sókè sódò. Kò sí lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rárá. Fèrè onífáàfù mẹ́ta ni, wọ́n kàn jó ìkẹrin mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan jókòó, ó fara balẹ̀ gé irin yẹn, ó dán an, kó lè rí irú mi mú!

Mo pè é. "Ọ̀gá, ó ní láti jẹ́ pé omi gbígbóná lẹ fi fọ̀ ọ́." Èmi! Ó búlọ́ọ̀kì mi. Mo padà lọ. Ọmọ tó fọn ún ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọ̀gá òun ti lọ sí Kútọnù. Kò wo ojú mi.

N kò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta fèrè gbọ́ mọ́. Gbogbo yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta baritone, fèrè tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, fún èèyàn lórúkọ euphonium náà wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má bú gbogbo ayé nítorí ẹnì kan; kì í ṣe òun ló máa dúró níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Kí n tó gbàgbé: ẹ fa sìláìdì láìtẹ fáàfù rẹ̀, tí kò bá jò, á dún "pọ́". Ẹ tẹ ìkíní àti ìkẹta pa pọ̀, ẹ fọn ọ́n, kí ẹ wá tẹ ìkẹrin nìkan. Ohùn kan náà ló yẹ kó jáde, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju bíńtín lọ. Bí idẹ bá ní àmì pupa tóótòòtó, síńkì ló ń jẹ kúrò lára rẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ ha orúkọ. Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọbìnrin ọdún 13 tó yẹ kó máa fọn ún ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó ti dé. Mo ní ó kù díẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, mo fi ìró ìyàwó mi bò ó.

N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà, nítorí ọ̀rọ̀ lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù kan l'Ékòó, tí ọmọ kan gbé fèrè lé itan, tó fọn dò, sò, dò, mí, sò fún yín, ẹ ní kó fọn re.