"Ìyàwó mi" tàbí "ẹ káàbọ̀ mà": èwo ló yẹ oníbàárà?

Ní ọjà Balógun l'Ékòó, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta aṣọ sábà máa ń pe obìnrin tó ń kọjá ní "ìyàwó mi" tàbí "bébì". Ní báńkì, "ẹ káàárọ̀ mà" ni. Ti báńkì ló sàn jù, èdè wa fúnra rẹ̀ ló sì fà á.

Ẹni tó bá pe ènìyàn ní "bébì", "o" ló máa tẹ̀ lé e: "Bébì, kí lo fẹ́ rà?" Bí oníbàárà bá ju ọlọ́jà lọ lọ́jọ́ orí, àrífín ti wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó dárúkọ owó. Tí ọlọ́jà bá tún di ọwọ́ obìnrin náà mú, níṣojú ọkọ rẹ̀, ọjà bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyá olóúnjẹ tó ń pe ọmọkùnrin kékeré ní "ọkọ mi" kò ṣẹ̀. Àgbà ló ń kẹ́ ọmọ.

Ẹ fẹ́ ọ̀yàyà? "Àǹtí mi, ẹ wo àǹkárá yìí, yáàdì 6 ni." Ó dùn, "ẹ" sì wà níbẹ̀. "Mọ̀mí" ló gba ìṣọ́ra: ẹni ọgbọ̀n ọdún lè kà á sí èébú. Tí ojú kò bá dá ọjọ́ orí mọ̀, "mà" ti tó.

Lórí WhatsApp, "sorry dear" fún ẹni tí owó rẹ̀ há dà bí ìgbà tí a ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́."