Sáà ẹ̀kọ́ òfin kan ní Jámánì, pẹ̀lú èdè Jámánì: bó ṣe rí fún mi

Títí di òní, bí mo bá ra búrẹ́dì, àdéhùn mẹ́ta ni mo máa ń kà lọ́kàn mi. Òfin Jámánì ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé a fẹnu kò láti tà á àti láti rà á (§ 433, ìyẹn abala 433, nínú BGB, ìwé òfin tó ń darí àdéhùn àti ohun ìní láàárín ará ìlú), èkejì ni pé búrẹ́dì di tèmi (§ 929), ẹ̀kẹta ni pé owó di ti ẹni tó tà á. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti ń kọ́ ìmọ̀ òfin, lábẹ́ òfin ọjà títà ọdún 1979, bí ẹ bá ti dúnàádúrà tán lórí ọjà kan pàtó tó wà nílẹ̀, ó lè ti di tiyín kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Ní Jámánì, ẹ lè sanwó tán kí nǹkan náà má tíì jẹ́ tiyín, bí àdéhùn kejì yẹn kò bá tíì wáyé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bá a wọ̀yá ìjà kó tó yé mi.

Oṣù kẹrin sí oṣù keje ọdún 2025 ni mo fi wà ní yunifásítì kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jámánì, nípasẹ̀ ètò pàṣípààrọ̀. Ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ará EU, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ti pàṣípààrọ̀ wá kì í san án. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá láǹfààní rẹ̀ níyànjú pé kó lọ, bó bá jẹ́ pé èdè Jámánì ló máa fi kọ́ ọ. Àwọn kíláàsì kan wà tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún àwọn àlejò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ lọ sá sí. Wọ́n gbádùn oṣù mẹ́rin, wọ́n padà láì mọ bí lọ́yà Jámánì ṣe ń ronú. Ó dùn mí fún wọn.

Ìrònú yẹn gan-an ló níye lórí jù. Gutachtenstil ni wọ́n ń pè é, ìyẹn kéèyàn máa rìn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ láti orí ìbéèrè dé ìdáhùn. Nínú ìdánwò ìdánrawò àkọ́kọ́, wọ́n ní obìnrin kan rí kẹ̀kẹ́ ológeere lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kéré sí iye rẹ̀ gangan. Ṣé obìnrin yìí lè ní dandan kí wọ́n tà á fún òun níye yẹn? Mo mọ ìdáhùn. Ọjà tá a pàtẹ kò tíì di àbá àdéhùn, ìyẹn ohun tí ẹnì kejì kàn lè gbà kó sì di àdéhùn, bákan náà ló rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé kò lè rí i gbà, mo ṣàlàyé, mo fakọ yọ lójú ara mi. Máàkì 3 nínú 18 ni mo gbà, 4 lẹni tó yege ń gbà. Gègé pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mi: "Obersatz fehlt", pé gbólóhùn tó yẹ kó gbé ìbéèrè kalẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdáhùn mi tọ̀nà, ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ ni wọn ò rí. Ìbéèrè lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀: obìnrin yìí lè ní ẹ̀tọ́ sí kẹ̀kẹ́ náà lábẹ́ § 433. Kí ni òfin ń pè ní àbá àdéhùn? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ bá a mu? Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè sọ ibi tó já sí. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fo ìṣísẹ̀ kan, kódà èyí tí ọmọdé mọ̀.

Ibi tí Yorùbá ti gbè mí ni "du" àti "Sie". Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣì í lò títí a fi kúrò níbẹ̀, lójú tèmi "o" àti "ẹ" náà ni. Ìyá àgbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní kí n máa pe òun ní du. Ó tó oṣù kan kí ẹnu mi tó gbà á.

Ti ìwé àti owó: ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo fi lọ, torí náà mo gba físà, mo sì ní láti ti 992 yúrò fún oṣù kọ̀ọ̀kan pa sí àkáǹtì kan kí wọ́n tó gbà pé mo lè bọ́ ara mi. Ọ́fíìsì kan sọ fọ́ọ̀mù mi nù, mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, inú bí mi gidigidi. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo nǹkan. Lẹ́tà owó rédíò á dé, 18.36 yúrò lóṣù ní ọdún 2025, ilé kan ló ń san án, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ pín in.

Wọ́n kó wa lọ sí Karlsruhe, níbi tí Bundesverfassungsgericht wà láti ọdún 1951, kóòtù tó ń dá ẹjọ́ tó bá kan òfin àgbà ilẹ̀ wọn. Adájọ́ 16, aṣọ pupa, ọdún 12 péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í tún un yàn. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ilé náà, pé kí ará ìlú lè máa rí inú rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú òfin àgbà ọdún 1949 ní iyì ọmọ ènìyàn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Mo ti kà á nílé, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti dúró ro ohun tí ìjọba wọn ti fojú ọmọ ènìyàn rí kí wọ́n tó kọ gbólóhùn yẹn síwájú gbogbo òfin yòókù.

Ìpele B2 nínú èdè Jámánì, ti ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa, ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, ó tó fún ọjà, kò tó fún kíláàsì. Besitz ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín, Eigentum ni ohun tó jẹ́ tiyín. Ará àdúgbò lè fi ọ̀kan pe èkejì. Nínú ìdánwò, máàkì ti lọ nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé òfin wọn lóṣù mẹ́ta ṣáájú, kó tó dọjọ́ ìrìn-àjò.

Nínú ìdánwò ìparí, mo gba 7. Mo gba èrò kan tí ẹni tó máàkì ìwé mi kò gbà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "vertretbar". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ò gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ èèyàn lè dúró lórí ẹ̀ níwájú adájọ́. Mo ya fọ́tò ewé yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn. Wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ náà fáwọn lórí fóònù.