Onídìrí nílé ère Ẹ̀sìẹ́: ọjọ́ kan pẹ̀lú màmá mi

Iṣẹ́ irun dídì ni mò ń ṣe ní Ìlọrin, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí ọwọ́ mi ti wà lórí àwọn èèyàn. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi wo àwọn ère òkúta inú mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹlòmíràn lè wọ ibẹ̀ kó rí òkúta. Irun ni èmi rí.

Màmá mi ló fà á tá a fi lọ. Ọmọ Ìgbómìnà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn ère náà láì fojú kàn wọ́n. Mo ti kọ́kọ́ mú wọn lọ sí mùsíọ́mù kan níbòmíràn, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó mú wa rìn ń sọ, ó sì ń kánjú bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Màmá mi kàn ń tẹ̀ lé wa kiri ni. Nígbà tá a jáde, wọ́n ní, "Ó dáa o," ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ sì dùn mí wọra.

Torí náà, bá a ṣe dé Ẹ̀sìẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi Yorùbá mú wa rìn. Inú ọkùnrin tó gbà wá lálejò dùn sí i. Kò pẹ́ tí òun àti màmá mi fi ń fi ohùn Ìgbómìnà dá ara wọn lóhùn, èmi àti àbúrò mi dákẹ́, à ń gbádùn wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú àgbàlagbà lọ, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ béèrè fún Yorùbá.

Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo la gbà láti Ìlọrin títí dé Òró, ká tó yà sí Ẹ̀sìẹ́. Ẹni tó bá tètè jáde láàárọ̀ á lọ, á bọ̀, ilẹ̀ ò ní ṣú bá a lọ́nà.

Mùsíọ́mù yìí ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣáájú ti Ilé-Ifẹ̀ tó ṣí ní 1954, ṣáájú ti Oníkán l'Ékòó tó ṣí ní 1957. Ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló sọ ìlú yìí di ẹni iwájú. Àwọn ará ìlú ti ń bọ wọ́n tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, òyìnbó ìjọ CMS tó ń bẹ ilé ìwé wò káàkiri, tó kọ ìròyìn wọn ní 1933. N kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Ramshaw ló ṣàwárí wọn. Àwọn ère náà ti ní ẹni tó ni wọ́n kó tó dé, títí dòní sì ni ìlú ń ṣe Ọdún Ère lọ́dọọdún.

Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn rọ̀, irú èyí tí òyìnbó ń pè ní soapstone. Irin máa ń wọ inú rẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni ẹni tó gbẹ́ wọn fi lè fa ìlà tó tín-ín-rín bí òwú. Púpọ̀ nínú wọn ló jókòó sórí àpótí. Àwọn kan ò ju ohun téèyàn lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọn mìíràn sì ga tó mítà kan. Ọkùnrin wà, obìnrin wà, ẹni tó di àdá mú wà, ẹni tó mú ohun èlò orin dání wà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti irun. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó irun rẹ̀ gòkè wá sí àárín orí, ó ga, ó ṣóńṣó. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ yà: "Ṣùkú rèé o!" Mo yí lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìlà tí òòyà fi la irun wà níbẹ̀ láti ìpàkọ́ títí dé òkè, àlàfo wọn sì dọ́gba. Nínú iṣẹ́ wa, ìpàkọ́ lẹ ti máa mọ onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ ò dá ṣáṣá. Kò sẹ́ni tí kì í tún iwájú ṣe, torí ibẹ̀ ni oníbàárà ń wò nínú dígí. Ẹni tó gbẹ́ ère yìí ò fojú di ẹ̀yìn. Ó dá mi lójú pé ó ti jókòó ti onídìrí rí, tó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bírò ni mo mú jáde, mo ya irun márùn-ún sínú ìwé mi kí àbúrò mi tó wá fà mí kúrò níbẹ̀.

Ilà ojú ni màmá mi ń wò ní tiwọn. Wọ́n á wo ti ère, wọ́n á fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, wọ́n á tún bọ́ sí iwájú òmíràn.

Àwọn tí kò lórí mọ́ ló bà mí nínú jẹ́, wọ́n sì pọ̀. Mo rí ọrùn kan tí ìlẹ̀kẹ̀ ṣì yí i ká, àmọ́ òkè rẹ̀ ti ṣẹ́ lọ. Orí yẹn ní irun. Ẹnì kan fi sùúrù gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, a ò sì ní mọ irú dídì tó jẹ́ láéláé.

Ìtàn tí wọ́n ń pa nílùú ni pé àlejò làwọn èèyàn náà, tí wọ́n sì di òkúta. Àwọn olùwádìí ní tiwọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn: àwọn kan ń tọ́ka sí Ifẹ̀, àwọn kan sí Ọ̀yọ́, àwọn kan sí Núpé. Ẹ fetí sí ìtàn méjèèjì, ẹ má sì dá olùsọ̀rọ̀ dúró láàárín.

Tẹ́ ẹ bá ń mú ọmọdé lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n níṣẹ́: kí wọ́n wá ẹni tó di àdá mú, kí wọ́n ka iye tí wọ́n rí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á tètè sú wọn. Ẹni tó ń fẹ́ àwòrán tó ń rìn lára ògiri, kó lọ sí John Randle Centre, ilé àṣà Yorùbá tó wà ní Oníkán l'Ékòó. Ní ti Ẹ̀sìẹ́, sùúrù lèèyàn fi ń wò ó. Ẹ gbé omi àti oúnjẹ dání, ẹ mú owó tó ṣeé ná lọ́wọ́, ẹ wọ bàtà tó balẹ̀, ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.

Nígbà tá a délé, màmá mi tú gèlè, wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní kí n ṣí ìwé yẹn. Irun wọn ti funfun, kò sì pọ̀ mọ́, ìlà mẹ́jọ péré ló gbà. Nígbà tí mo parí, wọn ò béèrè dígí. Wọ́n ní kí n fi fóònù ya ìpàkọ́ wọn, kí wọ́n rí i.